Omi ń wọ inú ọkọ̀ ìgbafẹ́ mi, mi ò sì mọ ibi tó ń gbà wọlé

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ọkọ̀ ojú omi, ẹ bá mi dá sí i. Ọkọ̀ fáíbà ni tèmi, ó gùn tó mítà 8. Ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì wà nínú rẹ̀, ṣáàfùtù sì gba ìsàlẹ̀ jáde lọ bá abẹ̀bẹ̀ tó ń ti ọkọ̀ lẹ́yìn. Ó ní yàrá kékeré kan, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti táǹkì omi. Orí omi iyọ̀ ló máa ń wà. Àlòkù ni mo rà á. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí mo bá débẹ̀, mo máa ń bá omi bíi bọ́kẹ́ẹ̀tì kan nínú ikùn rẹ̀. Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe fi gọ́ọ̀mù lẹ gbogbo ibi tó rí nínú, oṣù méjì lẹ́yìn náà omi tún dé. Ẹnì kan ní kí n ra pọ́ǹpù tó tóbi. Ẹlòmíì ní ojú ṣáàfùtù ni, pé ó yẹ kó máa kán, kí n fi ọkàn balẹ̀. Ẹnì kẹta ní kí n gbé ọkọ̀ gun ilẹ̀ kíákíá. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

* * *

Ẹ gbé gọ́ọ̀mù sílẹ̀ ná. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni irú omi tó wà nínú ikùn ọkọ̀ yẹn. Ṣé omi òkun ni, àbí omi òjò, àbí omi táǹkì yín? Tí ẹ bá ti mọ èyí, ìdajì ibi tí ẹ bá máa yẹ̀ wò ti kúrò nílẹ̀. Omi táǹkì kì í gba ojú ṣáàfùtù wọlé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní kí ẹ fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Mi ò fara mọ́ ọn. Omi ikùn ọkọ̀ ti bá epo pàdé, nígbà míì ó ti bá omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pàdé, oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ omi rédíétọ̀ sì lè jẹ́ májèlé. Ẹ wá gíláàsì tó mọ́ tónítóní. Ẹ kán omi ikùn ọkọ̀ sí i lójú kan, ẹ kán omi òkun sí apá ọ̀tún rẹ̀, omi táǹkì sí apá òsì, kí ẹ gbé e sóòrùn títí á fi gbẹ. Nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀ ló wà nínú lítà omi òkun kan, nítorí náà á fi àbàwọ́n funfun tí kò fara sin sílẹ̀. Ti táǹkì á fẹ́rẹ̀ẹ́ má fi nǹkan kan sílẹ̀. Tí ti ikùn ọkọ̀ bá bọ́ sí àárín méjèèjì, ó ṣeé ṣe kí ibi méjì máa jò pa pọ̀, tàbí kó jẹ́ òjò ló fọ iyọ̀ orí dẹ́ẹ̀kì, ìyẹn òkè ọkọ̀ tí èèyàn ń tẹ̀, wọlé.

Ẹ jẹ́ ká tún ṣírò díẹ̀. Nǹkan bí ẹ̀kán omi 20 ló ń di mìlílítà kan. Tí bọ́kẹ́ẹ̀tì yín bá gba lítà 10, ẹ̀kán 200,000 nìyẹn. Ìṣẹ́jú-àáyá tó wà nínú ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ 604,800. Ẹ pín in: ẹ̀kán kan ṣoṣo ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta-mẹ́ta. Kì í ṣe ihò tí omi ń ya gbà lẹ ń wá. Ẹ̀kán kan ni, níbì kan tó ṣókùnkùn, tó ń kán lọ́sàn-án lóru tí ẹ ò sí níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fífi tọ́ọ̀ṣì wò gààràgà kò fi ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

* * *

Lórí pọ́ǹpù. Mo mọ̀ pé ẹni tó dá a lábàá kò fẹ́ kí ọkọ̀ yín rì ni. Ṣùgbọ́n bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Pọ́ǹpù ń gbọ́n omi, kì í dí ihò.

Iye omi tí wọ́n kọ sára pọ́ǹpù, ẹ má fi ọkàn tẹ̀ ẹ́ pátápátá. Iye tó ń fà nígbà tí kò gbé omi ga, tí họ́ọ̀sì kò gùn, tí iná bátìrì sì kún ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bó bá di inú ọkọ̀, tí họ́ọ̀sì ti ká lọ́tùn-ún lósì, tó sì ní láti gbé omi ga tó mítà kan kó tó tú u dà, iye yẹn á wálẹ̀ gan-an. Ẹ sì wá wo ohun tí omi lè ṣe: ihò tó fẹ̀ ní mìlímítà 25 péré, tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 30 sí ìsàlẹ̀ ojú omi, á gba omi tó ju lítà 40 wọlé ní ìṣẹ́jú kan. Bí họ́ọ̀sì kan bá já lára fáàfù ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń ṣí tàbí ti ihò tó gba ara ọkọ̀ kọjá sínú omi, nígbà tí ẹ ò sí níbẹ̀, ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù kékeré kò ní lè bá a dọ́gba, àwọn tó bá sì lè ṣe é, bátìrì wọn á kú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ ní gbẹ táútáú ní gbogbo ìgbà tí mo bá débẹ̀. Mo ń fi yangàn pé kò jò. Pọ́ǹpù aládàáṣiṣẹ́ ló ń gbọ́n omi lóru, tí mi ò mọ̀. Lọ́sẹ̀ kan bátìrì kú, mo dé, mo bá omi tó ti dé ìdajì ẹ́ńjìnì. Ibi tó ń jò yẹn ti wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀, pọ́ǹpù ló ń bò ó mọ́ mi lójú. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò ní fi pọ́ǹpù aládàáṣiṣẹ́ sínú ọkọ̀ láìfi ẹ̀rọ kékeré tó ń ka iye ìgbà tó tan sí i, àti agogo tó máa ké tí omi bá ga ju ibi tó yẹ lọ. Ẹ ra méjèèjì kí ẹ tó ra pọ́ǹpù ńlá.

Pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ sì lè jẹ́ olè tí ẹ ń wá. Tí ẹnu ibi tó ń tú omi dà síta bá sún mọ́ ojú omi, tí èèyàn bá pọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ tàbí tí ọkọ̀ bá dẹ̀gbẹ́, ẹnu yẹn á wọ abẹ́ omi. Tí pọ́ǹpù bá dákẹ́ nígbà yẹn, omi á gba inú họ́ọ̀sì kan náà ṣàn padà wọlé, kò ní dúró títí inú àti òde á fi dọ́gba. Họ́ọ̀sì náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gòkè dáadáa kó tó sọ̀ kalẹ̀ jáde, kí fáàfù kékeré tó ń gba afẹ́fẹ́ sì wà lórí ibi tó ga jù lọ yẹn. Ohun kan náà ni fún họ́ọ̀sì ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó rì síbi tí wọ́n so ó mọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni omi gbà.

* * *

Ojú ṣáàfùtù wàyí. Ẹni tó ní ó yẹ kó máa kán kò purọ́, ẹni tó ní kò gbọdọ̀ kán kò sì purọ́. Irú méjì ni wọ́n ń sọ, wọn ò sì béèrè èyí tó wà nínú ọkọ̀ yín kí wọ́n tó máa jà.

Ti àtijọ́ ni èyí tí wọ́n fi okùn tó ti mu gíríìsì yí ṣáàfùtù po, tí nọ́ọ̀tù ńlá kan sì ń fún un mọ́ra. Omi ló ń tu ìyẹn, omi ló sì ń jẹ́ kó yọ̀. Nígbà tí ṣáàfùtù bá ń yí, ẹ̀kán mélòó kan ní ìṣẹ́jú kan dára. Nígbà tí ẹ bá pa ẹ́ńjìnì, ó yẹ kó dákẹ́ tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Tó bá ń kán ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta-mẹ́ta nígbà tí ọkọ̀ dúró, bọ́kẹ́ẹ̀tì yín nìyẹn, ẹni tó ní kí ẹ fi ọkàn balẹ̀ sì ti ṣì yín lọ́nà.

Irú kejì kò ní okùn. Ojú kábọ́ọ̀nù kan ló ń tẹ ara rẹ̀ mọ́ òrùka irin tí kì í dípẹtà, rọ́bà tó lè nà tó sì lè súnkì ló ń tì í. Kò yẹ kí ìyẹn kán rárá. Tó bá ń kán, ó lè jẹ́ ìdọ̀tí ló há sójú rẹ̀, tàbí kí rọ́bà ti gbó. Ẹ má fi rọ́bà gbígbó yẹn ṣeré, torí ọjọ́ tó bá fàya, kì í ṣe ẹ̀kán lẹ máa rí.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù lọ lára ti olókùn ni pé èèyàn á fún nọ́ọ̀tù títí omi á fi dá pátápátá, inú rẹ̀ á dùn, á sì ṣí ẹ́ńjìnì lọ. Okùn á gbẹ, á gbóná, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ṣáàfùtù, á gbẹ́ ojú rẹ̀ di kòtò yíká. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí okùn tuntun tó lè dí i mọ́, ṣáàfùtù lẹ máa pààrọ̀. Ẹ fún un díẹ̀díẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo kan, tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wa ọkọ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ fọwọ́ kàn án. Tó bá gbóná débi tí ọwọ́ kò lè dúró lára rẹ̀, ẹ ti fún un jù.

Tí okùn bá ti gbó, ẹ yọ gbogbo rẹ̀, ẹ má fi tuntun lé ògbólógbòó lórí. Òrùka kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ gé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ gé etí rẹ̀ ní ìdagun, kí ojú ibi tí wọ́n ti pàdé má wà lójú kan náà. Okùn gígùn kan ṣoṣo tí èèyàn yí bíi sípíríǹgì ń ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún omi láti máa yí wọlé. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe iṣẹ́ yìí lórí omi. Ẹni tó bá jẹ́ pé àkọ́ṣe rẹ̀ nìyí, kó gbé ọkọ̀ gun ilẹ̀.

Kí ẹ tó dá a lẹ́bi ṣá, ẹ gbé abọ́ kékeré sábẹ́ rẹ̀ mọ́jú, kí ẹ wọn omi tó wà nínú abọ́. Ìdájọ́ náà á yá.

* * *

Àwọn mélòó kan ti sọ pé èyí tí mo ń sọ gùn jù, pé kí ẹ kàn gbé ọkọ̀ gun ilẹ̀ kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo gbà pé ìgbà kan á wà tí ẹ máa gbé e. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó wà lórí ilẹ̀ kò jò mọ́! Ibi tó ń kán nígbà tí omi ń tẹ̀ ẹ́ lára á gbẹ, á sì mọ́ bí ojú àwo. Ìgbà tó wà lórí omi gan-an ló yẹ kí ẹ mú olè.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Mo máa ń gbọ́n gbogbo omi, màá fi àkísà nù ún, màá fi aṣọ gbígbẹ nù ún lẹ́ẹ̀kejì, màá sì ṣí gbogbo pákó ilẹ̀ sílẹ̀ kó gbẹ pátápátá. Tó bá ṣòro láti gbẹ, fáànù mọ́jú. (Ọkọ̀ tó ń lo pẹtiróòlù, ẹ ṣọ́ra: gáàsì pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ikùn ọkọ̀ ló máa ń sùn sí. Ẹ ṣí gbogbo ibẹ̀ sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ ná, ẹ má tan fáànù ilé tàbí ẹ̀rọ oníná tó ń fa omi síbẹ̀ rárá.) Lẹ́yìn náà màá fi tíṣù yí gbogbo ohun tí mo bá fura sí po: ọrùn fáàfù kọ̀ọ̀kan, ibi tí họ́ọ̀sì ti wọ ọ́, ibi tí ìtọ́kọ̀ gbà wọlé, abẹ́ pọ́ǹpù tó ń fa omi òkun tu ẹ́ńjìnì, abẹ́ táǹkì. Láàárín wọn, lójú ọ̀nà tí omi lè ṣàn gbà, màá wọ́n ẹfun tàbí pọ́dà. Ẹ̀kán kan tó bá gba orí pọ́dà kọjá á fa ìlà tí ẹ lè fi ìka tọ̀ padà sí orísun rẹ̀.

Ẹ wá padà wò ó ní wákàtí kan, ní wákàtí mẹ́fà, ní ọjọ́ kejì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ òjò, ẹ kọ ìgbà tí ẹ wa ọkọ̀ àti ìgbà tó dúró. Omi tó ń wọlé nígbà tí ẹ bá ń wa ọkọ̀ nìkan, ẹ wo ibi tí omi ti ń tu ẹ́ńjìnì, páìpù èéfín, àti etí ibi tí dẹ́ẹ̀kì ti pàdé ara ọkọ̀, tí ìgbì máa ń gbá. Èyí tó ń wọlé bí òjò bá rọ̀ nìkan, orí dẹ́ẹ̀kì ni.

Pọ́ǹpù tó ń fa omi òkun yẹn ní ihò kékeré kan lábẹ́ ọrùn rẹ̀. Tí omi bá ń kán níbẹ̀, sííìlì inú rẹ̀ ti jẹ. Mo ti rí ẹni tó fi gọ́ọ̀mù dí ihò náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é láé. Wọ́n dá ihò yẹn síbẹ̀ kí omi lè rí ọ̀nà jáde ni. Tí ẹ bá dí i, inú ẹ́ńjìnì ló lè gbà lọ, tí epo ẹ́ńjìnì á sì funfun bíi wàrà.

* * *

Ẹnì kan béèrè nípa ọkọ̀ alumíníọ̀mù kékeré tó máa ń fi tírélà gbé. Tiyín rọrùn jù. Ẹ fi í sórí tírélà rẹ̀, ẹ da omi díẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Níbi tí omi bá ti ń kán síta, ibẹ̀ náà ló ń gbà wọlé. Omi díẹ̀ ni mo wí o, torí lítà kan jẹ́ kílò kan, tírélà sì ní ìwọ̀n ẹrù tó lè gbé. Rífẹ́ẹ̀tì tó ti mì ló sábà máa ń jẹ́, tàbí ibi tí wọ́n jó pọ̀ tó ti là. Kí ẹ tó ṣe gbogbo ìyẹn, ẹ wo rọ́bà èdídí tí ẹ fi ń tú omi dà lẹ́yìn ọkọ̀ bóyá ó ti gbó.

Ọkọ̀ onípákó jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Tó bá pẹ́ lórí ilẹ̀, pákó á gbẹ, á súnkì, àlàfo á là. Tó bá padà sínú omi, á jò gan-an ní ọjọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà pákó á wú, á dí ara rẹ̀. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù líle sí àlàfo tó gbẹ yẹn. Nígbà tí pákó bá wú tí kò rí àyè, òun ló máa fọ́.

* * *

Ẹni tó béèrè ti padà wá jábọ̀. Ó ní gíláàsì fi àbàwọ́n sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó ti omi òkun. Abọ́ tó gbé sábẹ́ ojú ṣáàfùtù gba omi tó kún ṣíbí méjì péré mọ́jú. Tíṣù ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ, ti abẹ́ táǹkì gbẹ. Òjò sì rọ̀ ní ọjọ́ kẹta, omi sì ṣàn láti iwájú wá.

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ fi sùúrù ṣe é. Ibi méjì ló ń jò, ìyẹn ló sì fà á tí ìtọ́jú àkọ́kọ́ kò fi jẹ́. Èèyàn á dí ọ̀kan, á rí i pé omi ṣì ń bọ̀, á sì rò pé kò tọ̀nà, á wá lọ máa dí ibòmíì kiri.

Ti iwájú ná. Ẹ má gbà pé ibi tí omi ti yọ sí yín lójú ló ti wọlé. Lọ́dún kan, mo fi gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tú fèrèsé kan palẹ̀, mo tún un lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, torí pé abẹ́ rẹ̀ ni omi ti ń kán sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹsẹ̀ irin ìdìmú kan, ìyẹn irin tó dúró létí dẹ́ẹ̀kì tí èèyàn máa ń dì mú, tó wà ní nǹkan bíi mítà mẹ́ta sí iwájú ló ń jò. Omi gba ojú ihò súkúrù wọlé, ó sáré lórí àjà yàrá, ó tọ wáyà iná kan lọ, ó sì bọ́ sílẹ̀ níbi tí wáyà ti tẹ̀ kọdọrọ lẹ́bàá fèrèsé.

Ẹ wá ẹnì kejì. Ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà iná tó ti orí èbúté wá, torí omi àti iná èbúté ti pa èèyàn. Ẹ yọ pákó tó bo àjà kí ẹni tó wà nínú lè rí abẹ́ dẹ́ẹ̀kì gan-an. Kí ẹni tó wà níta fi họ́ọ̀sì da omi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, láìfi agbára tì í, sórí ohun kan ṣoṣo fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó tó bọ́ sí èkejì. Ìsàlẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kó máa gòkè. Tó bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, omi á ṣàn gba orí gbogbo rẹ̀, ẹ ò sì ní mọ èyí tó jẹ̀bi.

Ọ̀nà kejì wà tí mo fẹ́ràn jù. Ẹ ti gbogbo fèrèsé àti ilẹ̀kùn, ẹ fi fáànù fẹ́ afẹ́fẹ́ wọ inú yàrá láti ojú kan ṣoṣo, kí ẹ wá máa fi búrọ́ọ̀ṣì kun omi ọṣẹ sí ẹsẹ̀ irin, etí fèrèsé àti orí súkúrù níta. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń jáde, ọṣẹ á máa hó. Ẹ má fẹ́ ẹ jù, ẹ ò fẹ́ kí fèrèsé já kúrò.

* * *

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí gọ́ọ̀mù wàyí, èmi náà á sọ tèmi.

Ẹni tó lẹ gọ́ọ̀mù láti inú ti fi ètè sílẹ̀ ó ń pa làpálàpá. Dẹ́ẹ̀kì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fáíbà kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Fáíbà ló wà lókè, fáíbà ló wà nísàlẹ̀, igi fúyẹ́fúyẹ́ bíi balsa tàbí pílíwúùdù ló wà láàárín. Tí ẹ bá dí i nínú, omi á ṣì máa gba òkè wọlé, kò kàn ní rí ibi kán sí mọ́ ni. Inú igi yẹn ló máa dúró sí, á sì jẹrà. Omi tó ń kán sórí bẹ́ẹ̀dì ń sọ òótọ́ fún yín. Èyí tí ẹ dí mọ́ inú dẹ́ẹ̀kì kò ní sọ nǹkan kan títí ẹsẹ̀ yín á fi rì nínú rẹ̀. Ẹ fi òòlù oníke kan dẹ́ẹ̀kì yíká ẹsẹ̀ irin kọ̀ọ̀kan. Ibi tó le á dún kóró. Ibi tó ti jẹrà á dún bòmù.

Sílíkónì: àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ torí ó wà níbi gbogbo. Mi ò ní lò ó lórí dẹ́ẹ̀kì. Ó máa ń fi ọ̀rá kan sílẹ̀ sára fáíbà tí gọ́ọ̀mù mìíràn kò ní lẹ̀ mọ́, títí kan sílíkónì tuntun.

Polyurethane: ó lágbára gan-an, mo sì ń lò ó fún ohun tó wà nísàlẹ̀ omi tí mi ò ní lọ́kàn láti tú. Lórí ẹsẹ̀ irin ìdìmú, àṣejù ni. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tú u, fáíbà ló máa bá a ṣí.

Polysulfide dára fún ọ̀pọ̀ nǹkan, ó sì lẹ̀ mọ́ igi dáadáa, ṣùgbọ́n ó máa ń ba ike jẹ́, nítorí náà kó jìnnà sí fèrèsé oníke.

Téèpù butyl, ìyẹn rọ́bà rírọ̀ tó ń lẹ̀, ni èmi yàn fún orí dẹ́ẹ̀kì. Kì í gbẹ, kì í le, ó máa ń nà tí irin bá mì. Àwọn tó ń sọ pé ó máa ń jò, mo ti wo iṣẹ́ wọn: wọ́n fún bóòtù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n sì lọ. Ó ń fẹ́ kí ẹ fún un díẹ̀, kí ẹ padà wá ní ọjọ́ kejì, kí ẹ tún fún un, títí kò fi ní tú jáde mọ́. Ẹ sì di orí bóòtù mú ṣinṣin láti òkè, nọ́ọ̀tù tó wà nísàlẹ̀ ni kí ẹ yí. Tí bóòtù bá yí, ó ti já ohun tí ẹ fi dí i nìyẹn.

Ihò náà fúnra rẹ̀ ló ṣe pàtàkì ju irú gọ́ọ̀mù lọ. Ẹ gbẹ́ ẹ kó fẹ̀ ju bóòtù lọ, ẹ yọ igi tútù kúrò, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Ẹ fi téèpù dí i nísàlẹ̀, ẹ fi epoxy, ìyẹn gọ́ọ̀mù olómi méjì tí wọ́n ń pò pọ̀ tó sì máa ń le gan-an, kún un. Nígbà tó bá ti le, ẹ lu ihò bóòtù sí àárín epoxy yẹn, kí ẹ sì fá etí òkè rẹ̀ ní ìdagun díẹ̀ kí butyl lè rí ibi jókòó bí òrùka. Bí omi bá tilẹ̀ gba ibẹ̀ lọ́dún mélòó kan sí i, kò ní rí igi.

* * *

Ìjábọ̀ kejì ti dé: ọṣẹ hó ní ẹsẹ̀ irin kẹta lápá ọ̀tún, òòlù sì dún bòmù ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan yíká rẹ̀. Ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan ṣì kéré, ẹ ṣe bí mo ṣe wí kó tó tàn kálẹ̀. Ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ní kílíìpù ti dípẹtà lára họ́ọ̀sì tó ń fa omi wọlé, àti pé nígbà tó fi ọ̀bẹ ha ọrùn fáàfù, àwọ̀ rẹ̀ pupa bí osùn dípò kó yọ̀ bíi góòlù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi gbogbo nǹkan sílẹ̀, ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Ẹ ti fáàfù yẹn pa lónìí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ má fi agbára tì í. Àwọ̀ pupa yẹn ń sọ pé idẹ tí wọ́n fi sínkì pò ni, omi iyọ̀ sì ti jẹ sínkì inú rẹ̀ tán. Bàbà tó ṣẹ́kù kò ní agbára, ó lè dá bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ gbá a. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kán ti kúrò níbẹ̀. Ẹni kẹta tó ní kí ẹ gbé ọkọ̀ gun ilẹ̀ kíákíá, òun ló jàre báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ìdí tó fi jàre. Ẹ fi fáàfù brọ́ńsì tàbí ti ike líle tí wọ́n ṣe fún ìsàlẹ̀ omi rọ́pò rẹ̀. Ẹ sì fi ọ̀bẹ ha gbogbo àwọn tó kù, torí ẹni tó ra ọ̀kan yẹn lè ti ra gbogbo wọn pa pọ̀. Họ́ọ̀sì tuntun, kílíìpù méjì-méjì níbi tí ọrùn fáàfù bá gùn tó, kí súkúrù kílíìpù náà jẹ́ irin tí kì í dípẹtà. Ẹ fi mágnẹ́ẹ̀tì dán an wò, èyí tó bá fà mọ́ ọn dáadáa, ẹ dá a padà.

Kí ẹ tó gbé e padà sómi, ẹ fi okùn so èdídí igi tó rí ṣóńṣó mọ́ ọrùn fáàfù kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá ihò rẹ̀ mu, kí ẹnikẹ́ni tó bá wà nínú ọkọ̀ lè gbá a wọ ihò láìwá a kiri. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti fó, kí àwọn tó gbé e má tíì tú okùn tí wọ́n fi gbé e. Ẹ wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ẹ ṣí fáàfù kan, ẹ fi tíṣù gbígbẹ nu ọrùn rẹ̀, ẹ ka ọgọ́rùn-ún, kí ẹ tó ṣí èkejì. Tí gbogbo wọn bá gbẹ, kí wọ́n tú okùn. Ẹ sùn nínú ọkọ̀ lóru ọjọ́ yẹn, ẹ sì wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i láàárín òru.